Ẹ Tú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yín Wò Kí Ẹ Tó Yá Owó Ra Òmíràn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà dáwọ́ ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà: “Èyí tí ẹ ní yẹn ti kú. Ẹ mú owó wá, kí ẹ gba tuntun.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ń kó àwọn ènìyàn wa láyà sókè. Obìnrin tó ń tẹ ìwé, tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ń rò ó bóyá kí òun kó gbogbo owó èsúsú òun lé e. Àwọn tó ń ta ẹja adágún ń rò ó bóyá kí ẹgbẹ́ wọn yá owó. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí nílé-ìwé ń rò ó bóyá kí wọ́n dá owó lé àwọn òbí lórí. Owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó fàájì. Owó àwọ̀n ni, owó irúgbìn àgbàdo ni, owó ìwé àwọn ọmọ ni.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ èrò wa síta láìfi bò. Kí ẹnikẹ́ni tó yá owó ra kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó kọ́kọ́ tú èyí tó wà nílé wò. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní òkú, ẹ̀yà kan tàbí méjì péré ló gbó lára wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí a ti fi ojú ara wa rí ni à ń sọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí àwa fúnra wa fi ń kọ ìròyìn ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà kan, bí a bá tàn án láàárọ̀, a lè lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, kí a jẹ ẹ́ tán, kí a sì fọ ọwọ́, kí ó tó ṣetán. Àwa náà ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ní kí a ní sùúrù. Ó tú u, ó gbá eruku inú rẹ̀, ó yọ disque dur àtijọ́ kúrò, ó fi SSD sí ipò rẹ̀, ó sì fi RAM kún un. Gbogbo owó tí a ná, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n pe tuntun fún wa. Nísinsìnyí, kí a tó fa àga jókòó dáadáa, ó ti ṣetán. Òun náà ni a fi kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí.

Ní tòótọ́, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí àwa ará Nangbéto. Ìsédò tó wà lórí odò Mono níbí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987. Tógò àti Benin ni wọ́n jọ kọ́ ọ lábẹ́ àjọ CEB, agbára iná tó lè mú wá sì tó megawatt 65. Ẹ̀rọ ńlá méjì ni omi ń yí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún omi, a sì mọ̀ wọ́n, nítorí àwọn òbí wa àti àwọn ará ilé wa ni. Ṣé ẹnì kan lè dìde lónìí kí ó ní kí a wó ìsédò yìí, kí a tún lé àwọn ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn láti kọ́ òmíràn, nítorí pé irin kan jẹ tàbí wáyà kan gbó? Rárá o. Ẹ̀yà tó gbó ni wọ́n máa pààrọ̀. Bí a kò bá sọ ohun ńlá nù nítorí ẹ̀yà kan, kí ló dé tí a fi ń sọ kékeré nù?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ falẹ̀, kí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníṣòwò lè mọ ibi tí òótọ́ wà.

Èkíní ni disque dur, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí. Ti àtijọ́ ní àwo kan nínú tó ń yí bí àwo orin, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ínrín kan ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí àwo náà láti wá ohun tí a béèrè. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí ẹrù sì ń pọ̀ sí i, wíwá náà ń pẹ́. SSD kò ní àwo, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì dà bí ìyàtọ̀ ẹni tó ń tú odindi àpò àgbàdo láti wá owó ẹyọ kan, àti ẹni tó mọ àpò ṣòkòtò tí ó fi owó náà sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà lọ́wọ́ wa ló ní ojú tí wọ́n ń pè ní SATA, tí SSD olówó pọ́ọ́kú lè wọ̀. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń ka ìṣirò ọjà, tó sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, SSD tó gba gigabyte 240 tó gẹ́lẹ́. Bí owó yín kò bá tó nǹkan méjì, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Nínú gbogbo àtúnṣe, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ rí àǹfààní rẹ̀.

Èkejì ni RAM. Bí disque dur bá jẹ́ àká, RAM ni tábìlì tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí tábìlì bá kéré, ẹ ó máa gbé nǹkan padà sínú àká kí ẹ tó rí àyè gbé òmíràn jáde. Gigabyte 2 kò tó mọ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. 4 ń fà á. 8 tó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: DDR3, DDR4 àti DDR5 kò bára mu. Ibi tí wọ́n gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, bí ẹ bá sì fi agbára tì í, ẹ ó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ yọ èyí tó wà nínú tiyín, kí ẹ mú un dání lọ sí ọjà. Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé láti ìparí ọdún 2025 ni RAM ti ń gbówó lórí ní gbogbo àgbáyé, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI ń rà á ní rẹpẹtẹ. Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a sáré ra kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí RAM wà nínú tuntun náà, owó rẹ̀ sì wà nínú owó tí ẹ máa san. RAM tí wọ́n yọ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ti bàjẹ́ sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta kò náni lówó púpọ̀ rárá. Eruku ni. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ilẹ̀ wa ń wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ń dí fáànù, inú rẹ̀ á sì gbóná. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ á dín ìyára rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, tàbí kí ó kú lójijì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọ̀dà díẹ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín ọpọlọ náà àti irin tó ń gbé ooru kúrò lórí rẹ̀ ti jí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dìde. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Bátìrì roboto kékeré kan tún wà nínú rẹ̀ tó dà bí owó ẹyọ, orúkọ rẹ̀ ni CR2032. Òun ló ń rántí aago nígbà tí iná kò sí. Bí ó bá ti kú, kọ̀ǹpútà á máa rò pé ọdún mìíràn tó ti kọjá lọ la wà. Bí ẹ bá wá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé máa kọ̀, wọ́n á ní ibẹ̀ kò láàbò, nítorí ọjọ́ orí ẹ̀rọ yín kò bá ọjọ́ orí ìwé-ẹ̀rí wọn mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé kọ̀ǹpútà wọn ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ló ní kí wọ́n pààrọ̀ òun.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ Windows tó dá jìnnìjìnnì sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Windows tí kò rí ìtọ́jú gbà mọ́ dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olè. Kò yẹ kí ẹ máa fi í ṣe ọ̀rọ̀ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ sì ni pé Windows 11 kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2018 sókè. Ṣùgbọ́n Windows nìkan kọ́ ló wà láyé. Linux wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìwé àṣẹ tí ẹ ó rà. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà. Linux Mint ni òmíràn, ojú rẹ̀ sì jọ ti Windows tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó mọ Windows kò ní sọnù nínú rẹ̀. Pẹ̀lú wọn ni LibreOffice wà, tó ń ṣí ìwé Word àti ti Excel, tó sì ń tẹ̀ wọ́n.

A kò ní purọ́ fún yín pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀. Àwọn ètò ìṣirò owó kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi lórí Windows. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lè kọ̀. Nítorí náà, ẹ má pa Windows rẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi Linux sórí kọ́kọ́rọ́ USB, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí ẹ dán iṣẹ́ yín wò: ẹ tẹ ìwé kan jáde, ẹ ṣí ìwé oníbàárà kan, ẹ wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, nígbà náà ni kí ẹ jẹ́ kí ó wọlé pátápátá. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn oníṣòwò máa ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn náà. Wọ́n á ní tuntun kì í jẹ iná púpọ̀. Òótọ́ ni, pàápàá bí ti àtijọ́ bá ní ojú ńlá oníkùn bíi ti tẹlifíṣọ̀n ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ojú náà sí pẹlẹbẹ, púpọ̀ nínú iná náà á dínkù. Wọ́n á ní tuntun ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ Lomé, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa fi wà ní títì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí igbá, wọ́n ti fi òjé lẹ RAM àti ibi ìkẹ́rùsí mọ́ inú rẹ̀. Bí ó bá kéré lónìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa kéré títí tó fi máa kú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì dà bí ilé tí a lè fi yàrá kún. Ìyẹn dà bí àpótí tí wọ́n ti kàn pa.

Ìgbà kan wà ṣá tí àtúnṣe kò bọ́gbọ́n mu. Bí pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní carte mère, bá ti jóná, tàbí tí àwọn ẹ̀yà roboto orí rẹ̀ ti wú, ẹ má na owó lé e. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá jẹ́ bit 32, púpọ̀ nínú àwọn ètò òde òní kò ní gbà á mọ́. Bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó tòkunbọ̀ kan tó dára lọ, ẹ lọ ra tòkunbọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ yọ ohun tó ṣì wúlò nínú èyí tó kú. Bí ẹ bá sì ra tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi iná sí i. Òmíràn ní bọ́tìnì tí wọ́n fi sí 115, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Amẹ́ríkà. Iná tiwa jẹ́ 220. Bí ẹ kò bá yí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dún.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kọjá àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2004, ìwádìí kan láti Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan pẹ̀lú ojú rẹ̀, wọ́n ń lo epo àti èédú ilẹ̀ tó tó kìlógíráàmù 240, kẹ́míkà kìlógíráàmù 22, àti omi tó wọn tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti lọ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ní ọdún 2022, àgbáyé da ẹ̀rọ iná tó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62 nù, èyí tí wọ́n sì rí kó jọ tí wọ́n tún lò lọ́nà tó yẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni Ghana wà. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Agbogbloshie ní Accra, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú wọn, títí ìjọba fi wó ibẹ̀ ní ọdún 2021. Òjé wà nínú kọ̀ǹpútà, májèlé sì wà nínú èéfín wáyà. Bí a bá jó o létí odò Mono, inú omi tí a ń pa ẹja nínú rẹ̀ ló ń lọ. A bẹ̀ yín, ẹ má jó o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jó o.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti fi hàn pé ohun tí à ń pè ní pàǹtírí lè di iṣẹ́. Ní Lomé, Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ ní ọdún 2012. Níbẹ̀ ni Kodjo Afate Gnikou ti kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àtijọ́ jọ, tó sì fi wọ́n ṣe W.Afate, ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde bí ẹni ń mọ ìkòkò, ní ọdún 2013. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, irú èyí tí à ń fi pọn omi, tí wọ́n sì ń lò ó bíi kọ̀ǹpútà odindi. Bí ẹ̀yà àtijọ́ bá lè ṣiṣẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì ní Lomé, ó lè ṣiṣẹ́ nínú àpótí tirẹ̀ ní Nangbéto.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àwọn apẹja, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àti mairie má fọwọ́ sí owó kọ̀ǹpútà tuntun kankan láìjẹ́ pé oníṣẹ́ kan ti tú ti àtijọ́ wò, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: kí ló bàjẹ́, èló ni àtúnṣe rẹ̀, ọdún mélòó ló kù fún un. Owó tí a bá san fún oníṣẹ́ wa máa padà wá ra ẹja àti iṣu lọ́jà wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó kọ̀ǹpútà tuntun ti wọ ọkọ̀ òkun lọ.

Kí ẹ̀yin tó ń tún un ṣe náà fi òtítọ́ ṣe é. Àwọn kan ń yọ RAM tó dára, wọ́n ń fi èyí tó kéré sí ipò rẹ̀, ìwà yìí ló sì ń mú kí àwọn ènìyàn sá fún àtúnṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi sí i sínú rìsíìtì, kí ẹ sì fún oníbàárà ní ẹ̀yà tí ẹ yọ. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó ìwé àti àwòrán yín sí ibòmíràn. A kì í fi àká sílẹ̀ láìka iye ìṣù tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà máa kú pátápátá máa dé, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣòwò ni kí ó sọ ọjọ́ náà fún wa. Ẹ mú ìṣó-yíyí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì jọ tú u wò. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé tuntun náà ló kù, ẹ ó rà á pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbẹ̀rù.